Ọjọ́ Méjì Tó Wà Láàárín Orí Ìnàkí àti Orí Wa

Ọ̀rọ̀ kan ni Àńtí tó ń kọ́ ọmọ mi sọ fún mi lẹ́nu géètì, ó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà ti ń bá mi sùn, tó ń bá mi jí. "Mọ́mì, ẹ má bínú o," ó ní, "ọmọ yín lọ́ra." Kò fi bú u. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ ni, bí ẹni tó fẹ́ sọ fún obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ pé síìpù ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ ti ṣí. Sùúrùlérè nibẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń fọn fèrè lẹ́yìn wa, àwọn òbí ń kó ọmọ wọn sínú ọkọ̀. Ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo bí àwọn èèrà ṣe ń tò lọ lára ògiri, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọmọ ọdún 5 ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ka nọ́ńbà dé 100 láìsinmi. Tèmi á ka dé 29, á sì dákẹ́, bí ẹni tó dé etí odò tí kò rí afárá. Kì í sunkún, kì í sì í sá. Ó kàn máa ń dúró síbẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti di iléèwé kejì. Bàbá rẹ̀ wá tísà lẹ́sìn tó ń wọlé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́. Obìnrin tí a jọ ń gbé inú kọ́mpáùndì kan náà sọ fún mi pé ọmọ tòun ti fo kíláàsì kan, pé ọdún 9 péré ló máa wọ JSS 1, àti pé Èkó kì í dúró de ẹnì kankan. Òótọ́ ló sọ nípa Èkó. Lẹ́ẹ̀sì ni mò ń tà ní Balógun. Oníbàárà tí mi ò bá tètè dá lóhùn, ṣọ́ọ̀bù kejì ló ti wà. Mi ò kórìíra ìyára. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tó túmọ̀ sí gan-an kí ọpọlọ ọmọ ènìyàn lọ́ra, torí mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀dá alààyè ní yunifásítì kí n tó bọ́ sídìí ọjà, mo sì rántí pé ìdáhùn rẹ̀ kò rí bí a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu géètì.

## Ohun tí Màmá rí ní Lẹ́kí

Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi àárín táàmù, a lọ gbé ìyá mi ní Èbúté Mẹ́tta, a gba orí afárá Third Mainland, a kọrí sí ọgbà tí wọ́n ti ń dáàbò bo igbó àti ẹranko ní Lẹ́kí. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀ mọ bó ṣe rí. Màmá ò fẹ́ gun afárá tó gba orí igi kọjá, èyí tó gùn tó mítà 401, bàbá ọmọ wá lọ gùn ún, àwa mẹ́ta tó kù sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì nísàlẹ̀.

Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kì í bẹ̀rù ènìyàn. Irú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mona ni wọ́n: ẹ̀yìn wọn pọ́n rúsúrúsú, àyà wọn funfun, àmì funfun méjì sì wà nídìí ìrù wọn. Ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ wá sórí igi ìdábùú tó wà níwájú wa, ọmọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn láyà. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi jáwọ́ tó bọ́ sílẹ̀. Ó he èso kan, ó yí i sọ́tùn-ún yí i sósì, ó fi eyín bó o, ó jẹ inú rẹ̀, ó ju èèpo nù. Nígbà tí ọmọdé kan ké lẹ́yìn wa, ó ti gun igi kí ìyá rẹ̀ tó dìde. Òṣìṣẹ́ kan tó ń kọjá sọ fún wa pé ọmọ náà ò lè ju oṣù mẹ́rin lọ.

Obìnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì wa. Ìbejì ló bí, ọ̀kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ìkejì wà lẹ́yìn àbúrò rẹ̀. Màmá ti kí wọn nígbà tí a dé, "Ẹ̀jìrẹ́, ọmọ ẹdun tíí ṣeré orí igi," ó sì ti fún wọn lówó. Àwọn náà ti ń lọ sí oṣù mẹ́rin. Orí èyí tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ń yẹ̀ síhìn-ín yẹ̀ sọ́hùn-ún, gbogbo ìgbà tí obìnrin náà bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ kan á lọ sẹ́yìn láti di orí náà mú. Mo mọ ìṣesí yẹn. Ọwọ́ mi ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹ́ pé mo rò ó.

Màmá wo orí igi. Ó wo ẹ̀yìn obìnrin náà. Ó wá pè mí ní oríkì mi.

"Àbẹ̀kẹ́, èyí tó wà lórí igi yẹn ti ń bọ́ ara rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn níbí, ọrùn rẹ̀ ò tíì le. Nínú àwọn méjèèjì, èwo lẹ máa sọ pé ó lọ́ra?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ọmọ mi ló bi í ní ìbéèrè tó tẹ̀ lé e: "Gíráńmà, ṣé ọmọ ọ̀bọ yẹn máa tètè dàgbà?"

"Á tètè dàgbà," Màmá dá a lóhùn. "Á sì tètè parí."

Mi ò rò pé Màmá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí òun sọ yìí ni àwọn onímọ̀ ti ń lé kiri nínú iyàrá ìwádìí wọn láti bí àádọ́ta ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń padà, tí ọkọ̀ ń sún kẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, tí ọkọ mi tún dá ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń ka nọ́ńbà dé 100 sílẹ̀, Màmá fi òwe kan dá a lóhùn: "Kí ni ọ̀bọ fi ṣe orí tí ìnàkí ò ṣe?" Ohun tó ń sọ ni pé kò sí ohun tí àwọn ọmọ yẹn ní tí tiwa ò ní. Èmi tí mo jókòó lẹ́yìn, bí ìbéèrè gidi ló ṣe dún létí mi. Ọ̀bọ ní orí, ìnàkí ní orí, àwa náà ní. Kí ni a fi ṣe é?

## Aṣọ kan náà, télọ̀ ọ̀tọ̀

Nígbà tí mo bá sọ pé jíìnì, ìlànà tí a bí mọ́ wa ni mò ń wí, èyí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tí ara ń tẹ̀ lé láti kọ́ ara rẹ̀. Inú DNA ló wà, ìwé gígùn tí a fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ. Ìwé tiwa tó lẹ́tà bílíọ̀nù 3.

Ní 1975, Mary-Claire King àti Allan Wilson, ní yunifásítì California tó wà ní Berkeley, fi purotéènì ara ènìyàn, ìyẹn èlò tí ara ń fi ìlànà jíìnì ṣe, wé ti ìnàkí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní chimpanzee. (Ìnàkí yìí kò jìnnà sí wa o. Díẹ̀ ṣì kù nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ìrìn wákàtí díẹ̀ sí Èkó, a sì ń gé igi mọ́ wọn lórí.) Wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 99 ló bára mu. Wọ́n wá sọ ohun kan tó ṣì ń darí ìwádìí títí dòní: tí èlò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, a jẹ́ pé ìyàtọ̀ tó hàn lójú bẹ́ẹ̀ ní láti ti ibòmíràn wá, láti inú ìgbà tí ara ń lo èlò kọ̀ọ̀kan, ibi tó ti ń lò ó, àti ìwọ̀n tó ń lò.

Ẹni tó ń ta aṣọ kò nílò àlàyé lórí èyí. Lẹ́ẹ̀sì yáàdì márùn-ún kan náà ni mò ń gé fún oníbàárà méjì. Ọ̀kan padà wá pẹ̀lú ìró àti bùbá, ìkejì wọ kaba tó fi ń gbálẹ̀. Aṣọ kò yàtọ̀, òwú kò yàtọ̀. Ibi tí sísọ́ọ̀sì ti wọlé àti ìgbà tó dúró ló yàtọ̀.

Nígbà tí wọ́n ka ìwé ìnàkí tán ní 2005, wọ́n rí i pé bíi mílíọ̀nù 35 lẹ́tà ló yàtọ̀ láàárín tirẹ̀ àti tiwa, yàtọ̀ sí àwọn ibi tí ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ti já bọ́ tàbí tí wọ́n ti fi òmíràn kún un. Ó pọ̀ létí, ṣùgbọ́n díẹ̀ lé ní lẹ́tà kan nínú ọgọ́rùn-ún ni. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ wá di ti ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkìtì koríko.

Olùwádìí kan, Katherine Pollard, rí abẹ́rẹ́ kan ní 2006. Ibi kékeré kan nínú DNA, lẹ́tà 118 péré, tí wọ́n sọ ní HAR1. Láàárín adìyẹ àti ìnàkí, lẹ́tà 2 péré ló yàtọ̀ níbẹ̀. Ẹ rò ó wò, adìyẹ àti ìnàkí, tí bàbá ńlá wọn ti pínyà láti ọ̀rúndún tí ẹnu ò lè ròyìn tán, lẹ́tà méjì. Ṣùgbọ́n láàárín ìnàkí àti àwa tí a pínyà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 6 sẹ́yìn, lẹ́tà 18 ló ti yí padà. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn láti ayébáyé, lójijì, nínú ìdílé tiwa nìkan, ó yí padà. Ibẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ọmọ tó wà nínú oyún, láàárín ọ̀sẹ̀ keje sí ìkọkàndínlógún, ní àsìkò tí èèpo òde ọpọlọ ń tò ara rẹ̀.

Ìyá mi gbà pé Ọlọ́run ló mọ orí wa. Èmi náà gbà. Àwọn bàbá wa ní Àjàlá alámọ̀ ni, pé ilé rẹ̀ la ti ń yan orí, àti pé orí tí kò bá jiná dáadáa nínú iná, òjò kìíní ló máa fọ́ ọ. Nígbà tí mo ń ka ìwádìí wọ̀nyí ní ṣọ́ọ̀bù, tí ọjà tutù, ilé Àjàlá ni mo ń rí. Àwọn wọ̀nyí ń yọjú wo bí amọ̀ ṣe ń di orí ni, mi ò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú rẹ̀.

## Ọjọ́ méjì

Ibi tí ọ̀rọ̀ Màmá ti wá bá mi wí gan-an ni ìwádìí kan tó jáde ní 2021, láti ọ̀dọ̀ Madeline Lancaster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge. Ènìyàn kò lè la oyún wò láti mọ bí ọpọlọ ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kò sì yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìnàkí tàbí gọ̀rílà náà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, ti ìnàkí àti ti gọ̀rílà, wọ́n tọ́ wọn nínú àwo títí wọ́n fi di ìṣù ọpọlọ kéékèèké, tí kò ju ẹ̀wà lọ, tí kò lè ronú, ṣùgbọ́n tó ń tẹ̀ lé ìlànà tí ọpọlọ inú oyún ń tẹ̀ lé ní àwọn ọ̀sẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Nínú ìṣù yẹn, sẹ́ẹ̀lì ìyá ló kọ́kọ́ ń wà. Ó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí agolo mílíìkì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní: kí ó pín sí méjì, kí àwọn méjèèjì sì jọ ọ́. Ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Nígbà tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ẹ́rẹ́, ìrísí rẹ̀ á yí padà, pípín rẹ̀ náà á sì dẹwọ́. Ìgbà yẹn ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í bí sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn, èyí tí kò tún ní pín mọ́ títí ayé. Ènìyàn, ìnàkí àti gọ̀rílà, gbogbo wọn ló ń gba ọ̀nà yìí. Ìbéèrè ni pé ìgbà wo ni ìyá máa kúrò ní agolo.

Nínú ti ìnàkí àti ti gọ̀rílà, ìyípadà náà gba bí ọjọ́ 5. Nínú ti ènìyàn, ó gba bí ọjọ́ 7.

Ọjọ́ méjì nìyẹn. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ń wo aṣọ tó wà lórí tábìlì mi. Ẹni tó bá ti dá àjọ rí mọ ohun tí ìlọ́po méjì máa ń ṣe tí wọ́n bá fún un láyè díẹ̀ sí i. Sẹ́ẹ̀lì tó dúró pẹ́ díẹ̀ ní ipò ìyá á ti pín ní ìgbà díẹ̀ sí i, gbogbo ìran tó ń ti ara rẹ̀ jáde á sì pọ̀ ní ìlọ́po. Nígbà tí a bá dàgbà, ọpọlọ wa á lé ní gíráàmù 1,300, ti ìnàkí á wà ní nǹkan bíi 400. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn nínú tiwa tó bílíọ̀nù 86 gẹ́gẹ́ bí Suzana Herculano-Houzel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Brazil ṣe kà á ní 2009.

Wọ́n rí jíìnì tó ń tẹ sẹ́ẹ̀lì náà lẹ́yìn pé àkókò tó, ZEB2 lorúkọ rẹ̀. Ènìyàn ní in, gọ̀rílà ní in. Nínú gọ̀rílà, ó ń tètè dìde. Nígbà tí wọ́n mú kí ó pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ nínú ìṣù ọpọlọ gọ̀rílà, ìṣù náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí ti ènìyàn. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ó tètè ṣiṣẹ́ nínú ti ènìyàn, ìyẹn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí ti àwọn ìnàkí. Ohun tó ń kan ilẹ̀kùn kò yí padà. Aago tó ń kàn án ló yí padà.

Ògì ni Màmá ń ṣe tà ní Èbúté Mẹ́tta nígbà tí mo wà ní kékeré. Omi àgbàdo kì í pé ọjọ́ kan kí n tó máa bi í bóyá ó ti tó lọ̀. Á ní kò tíì tó. Lọ́jọ́ kejì, kò tíì tó. Mo rò nígbà náà pé àgbàdo ń sùn nínú ìkòkò ni. Ọmọdé ni mí, mi ò mọ̀ pé inú omi tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Kì í ṣe ZEB2 nìkan. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù bí mo ṣe ń kà lọ ni pé léraléra, ibi kan náà ni ọ̀nà ń já sí. Ní 2018, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì, ọ̀kan ní Brussels, ìkejì ní Santa Cruz, ròyìn nípa NOTCH2NL, jíìnì tí ènìyàn ní tí ìnàkí kò ní irú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún sẹ́ẹ̀lì ìyá pé kó má tíì kánjú di nǹkan mìíràn. Ṣáájú ìyẹn, ní 2012, wọ́n ti ròyìn SRGAP2C, ẹ̀dà jíìnì àtijọ́ kan tó jẹ́ pé àṣìṣe ló dá a sílẹ̀: nígbà tí ara ń da ìwé kọ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 2 àti díẹ̀ sẹ́yìn, ó kọ ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì, kò sì kọ ìkejì tán. Ẹ̀dà tí kò pé yìí di jíìnì àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fi í sínú eku, àwọn ẹ̀gún kéékèèké tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń gba ìròyìn lọ́wọ́ ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kí wọ́n tó gbó, wọ́n sì pọ̀ sí i, wọ́n gùn sí i.

Ìwé tí wọ́n kọ ní àkọtúnkọ, tí kò pé, tó fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Ara ohun tó sọ wá di ènìyàn nìyẹn.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ìfàsẹ́yìn ló dára. Ibi tí NOTCH2NL wà nínú DNA, tí ẹ̀ka rẹ̀ bá já nù lára ọmọ, orí ọmọ náà lè kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ó bá sì di ìlọ́po, orí lè tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, pẹ̀lú ìṣòro tirẹ̀. Ìwọ̀n ló wà níbẹ̀. Ìyá tó bá rí i pé ọmọ òun kò gbọ́ràn, kò wo ojú ènìyàn, tàbí pé ó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kó má fi àròkọ mi tu ara rẹ̀ nínú.

Mo tún fẹ́ sọ ọ̀kan tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Jámánì àti Japan fi ARHGAP11B, jíìnì mìíràn tó jẹ́ ti ènìyàn nìkan, sínú oyún marmoset, ọ̀bọ kékeré kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà tí ọpọlọ rẹ̀ máa ń tẹ́jú. Èèpo òde ọpọlọ ọmọ inú oyún náà tóbi sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká bí tiwa. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n bí ọ̀kankan nínú wọn. Wọ́n gbà pé kò tọ́ láti bí ẹ̀dá tí wọn kò mọ ohun tó máa mọ̀ lára. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Inú mi dùn pé wọ́n dúró, ọkàn mi sì bàjẹ́ fún àwọn ọmọ inú oyún tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n bí.

## Ibi tí oúnjẹ rẹ̀ ń gbà

Orí kì í parí iṣẹ́ nínú oyún. Nígbà tí wọ́n bá bí ọmọ ìnàkí, ọpọlọ rẹ̀ ti tó nǹkan bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó máa jẹ́ lágbà. Tiwa kò tó 30. Ìdí nìyẹn tí ọrùn ìbejì yẹn kò fi le, tí ọwọ́ ìyá fi ń lọ sẹ́yìn. Ìyókù ọpọlọ wa, ìta ni a ti ń kọ́ ọ, lẹ́yìn ìyá, lórí ẹní, nínú ariwo ọjà, nínú ìtàn, nínú orúkọ tí wọ́n ń pè wá. Apá iwájú rẹ̀, èyí tí a fi ń kó ara ẹni níjàánu, kì í gbó tán títí a fi lé ní ogún ọdún.

Ohun tí mo kà ní ìkẹyìn ló mú mi dìde lórí àga. Ní 2014, Christopher Kuzawa àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wo bí ọpọlọ ṣe ń jẹ ṣúgà inú ara láti ìgbà ìbí títí dé àgbà. Ti àgbàlagbà ń gba bíi ìdá kan nínú márùn-ún oúnjẹ ara. Ìgbà tí ọpọlọ ń jẹun jù ní gbogbo ayé ènìyàn ni ìgbà ọmọdé, ní nǹkan bí ọmọ ọdún 5, tó ń gba 43 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo agbára tí ara ń lò. Kí ó lè rí i gbà, ara dẹwọ́ ìdàgbàsókè ìyókù. Ọmọ kì í tètè ga ní àsìkò yẹn.

Ọmọ ọdún 5. Ọmọ mi tí mo ń bínú sí pé ó ń jẹ ẹ̀bà bí àgbàlagbà, tí ṣòkòtò iléèwé rẹ̀ ọdún tó kọjá sì ṣì bá a mu. Ọmọ mi tó ń wo èèrà lára ògiri. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlàjì gbogbo ohun tí mò ń bù fún un ló ń lọ sí ibi tí èmi àti Àńtí rẹ̀ ò lè rí, a wá dúró lẹ́nu géètì, a ń sọ pé kò sí nǹkan tó ń lọ níbẹ̀.

## Orí gbogbo wa

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ṣé mò ń sọ pé ọmọ tó lọ́ra ló gbọ́n jù? Rárá o. Jíìnì wọ̀nyí kò mọ ọmọ tó ń ka 100 yàtọ̀ sí ọmọ tó ń dúró sí 29. SRGAP2C wà lára àwọn méjèèjì, àyípadà HAR1 wà lára àwọn méjèèjì, ó wà lára Àńtí, ó wà lára ọmọ tó fo kíláàsì. Ìka ọwọ́ ò dọ́gba, ìyàtọ̀ á máa wà láàárín ọmọ méjì nínú kíláàsì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á sì pòórá kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 10. Ohun tí mò ń sọ ni pé gbogbo ọmọ inú kíláàsì yẹn ló lọ́ra, tí a bá fi wọ́n wé ọmọ ọ̀bọ Lẹ́kí. Àkókò gígùn yẹn ni ogún tí a jọ jẹ. Nígbà tí a bá ń fi ọmọ ọdún 2 sí iléèwé pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́, tí a ń yọ ọdún kan kúrò nínú mẹ́fà kí a lè fi yangàn níbi àpèjẹ, ohun tó wọ́n jù lọ nínú ogún náà là ń tà lówó pọ́ọ́kú.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí a mú kúrò lẹ́nu ni "orí ọ̀bọ." Wọ́n ti fi sọ àwọn ènìyàn wa nínú pápá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù, wọ́n ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ lù wọ́n. Ní 2005 pàápàá, ìwádìí kan jáde tí àwọn kan fi ń sọ pé ẹ̀dà jíìnì orí méjì kan, MCPH1 àti ASPM, tó wọ́pọ̀ níbòmíràn ju Áfíríkà lọ, ló ń mú ọpọlọ dára. Nígbà tí àwọn mìíràn àti àwọn kan nínú àwọn olùwádìí náà fúnra wọn tún un wò, wọn kò rí i pé ó ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú òye. Ọ̀rọ̀ náà ṣubú, ṣùgbọ́n ìpalára rẹ̀ ti rìn jìnnà. Àwa tí wọ́n ti ṣe irú èyí sí, kò yẹ kí á máa fi orí ẹranko pe ọmọ tiwa nítorí ìṣírò. Àwa kan náà sì ni a ń ki ìbejì ní ọmọ ẹdun, tí a ń jó fún wọn.

## Ọjọ́ Sátidé

Mo padà lọ bá Àńtí. Mo sọ fún un pé a fẹ́ kí ọmọ náà dúró sí kíláàsì tó wà, kí wọ́n má fò ó síwájú, kí wọ́n má sì pe orúkọ yẹn lójú rẹ̀ mọ́. Ó gbọ́. Ó ní òun náà ní ọmọ nílé, pé àwọn òbí ló máa ń dúró sí òun lọ́rùn pé kí òun yára. Mo gbà á gbọ́. A dá lẹ́sìn dúró. Ọkọ mi ò tíì gbà tọkàntọkàn, a ṣì ń sọ ọ́ lóru.

Ní Sátidé tó kọjá, Màmá wá sílé wa pẹ̀lú àgbàdo nínú àpò. Ó ní òun fẹ́ ṣe ògì fún ọmọ òun. Ó fi báàfù síwájú, ọmọ mi jókòó sílẹ̀, ó ń ju àgbàdo sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, fóònù lọ́wọ́. Ó ka 27. Ó ka 28. Ó dé 29, ó dákẹ́, hóró àgbàdo kan wà láàárín ìka rẹ̀ méjì.

Bàbá rẹ̀ la ẹnu. Màmá gbé ọwọ́ sókè sí i.

"Ẹ má tíì sọ fún mi," ọmọ mi wí, kò wo ẹnikẹ́ni.

A ò sọ fún un. Hóró àgbàdo náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yí i sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, ó ń wò ó.